Vilhelm Bjerknes: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó sọ wíwo ojú ọjọ́ di ẹ̀kọ́ yunifásítì

Àgbẹ̀ tó bá gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀, tí òjò náà wá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun nìkan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Irúgbìn ti bàjẹ́ sínú ilẹ̀, owó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ebi kì í dúró gbọ́ àlàyé. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ aráyé ti ń wojú sánmà láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀ tàbí kò ní í rọ̀. Àwọn kan ń wo ìrìn àwọn ẹyẹ, àwọn kan ń wo àwọ̀ ìkùukùu, àwọn mìíràn sì ń fi ìrírí àtẹ̀yìnwá sọ ọ́. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà máa ń bọ́ sí i. Nígbà mìíràn, kì í bọ́ sí i rárá.

Lónìí, ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ ti di ohun tí ènìyàn ń lọ kọ́ ní yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gboyè. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Àkúrẹ́. Ìṣirò àti físíìsì ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá wọ̀yá ìjà, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè béèrè pé kí ló pa ìṣirò àti ìkùukùu pọ̀. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló so wọ́n pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Vilhelm Bjerknes, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè. Ìtàn ayé rẹ̀ la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń kàwé àti fún ẹni tó ń roko.

Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn bàbá rẹ̀

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1862 ni wọ́n bí Vilhelm ní Kristiania, olú-ìlú Nọ́wè, ìlú tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Oslo ní ọdún 1925. Bàbá rẹ̀, Carl Anton Bjerknes, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì ìlú náà. Ohun tó gba bàbá yìí lọ́kàn ni bí nǹkan ṣe ń rìn nínú omi. Ó fi ìṣirò hàn pé bí nǹkan roboto méjì bá ń fẹ̀ tí wọ́n sì ń sún kì nínú omi, wọ́n á máa fa ara wọn tàbí kí wọ́n máa ti ara wọn, bí ẹni pé irin òòfà ni wọ́n. Vilhelm ló ń bá a ṣe àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá nípa iná mànàmáná ní Paris lọ́dún 1881, tí bàbá náà kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Vilhelm, ó sì wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń kọ ọmọ náà lóminú. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni bàbá rẹ̀ ń dá wà sí i. Kì í fẹ́ kí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ òun kó tó pé pérépéré, àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Vilhelm rí i pé bí òun kò bá tètè yà kúrò níbẹ̀, bí òun náà yóò ṣe dá wà nìyẹn. Kò kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n ó wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè mọ ìdí tí ọkùnrin yìí kò fi jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wọ́n nítòsí òun títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tó gba oyè ní ọdún 1888, ó lọ sí Paris, níbi tó ti jókòó lẹ́sẹ̀ Henri Poincaré, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ayé ìgbà náà. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì di olùrànlọ́wọ́ fún Heinrich Hertz, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi han aráyé pé ìgbì iná mànàmáná ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ọgbọ́n yìí náà ni rédíò ti wá. Nígbà tó di ọdún 1892, Bjerknes gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ lọ́dún 1895.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbà á mọ́ iná lọ́wọ́

Títí di àkókò yìí, kò sí ohun tó kan Bjerknes kan òjò. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti parí. Níbi tó ti ń ṣe é ló ti kan ọ̀rọ̀ kan. Àwọn àgbà onímọ̀ méjì, Helmholtz ará Jámánì àti Kelvin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìṣirò sọ pé bí nǹkan ṣíṣàn bá ti ń yí po, yóò máa yí po lọ ni, èyí tí kò bá sì yí po kò lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Bjerknes wò ó, ó sì rí i pé omi àti afẹ́fẹ́ tí a ń rí lójú ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá mú kí apá kan fúyẹ́, tí apá kejì sì ki, ìyípo tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé etí òkun Èkó rí mọ ohun tí à ń wí. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, ilẹ̀ á tètè gbóná ju omi òkun lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á fúyẹ́, á gòkè. Afẹ́fẹ́ tútù á sì ti ojú òkun wá gba ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ, ooru nìkan ló ṣe é. Ohun tí Bjerknes kọ sílẹ̀ ní ọdún 1898 ni ìṣirò tí ènìyàn lè fi mọ bí irú ìyípo bẹ́ẹ̀ yóò ṣe lágbára tó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm ló kọ́kọ́ mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1897, ọmọ ilẹ̀ Swídìn kan tó ń jẹ́ Andrée àti àwọn ọkùnrin méjì mìíràn gun bálúùnù ńlá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fò dé òpin àríwá ayé. Wọn kò padà wá. Ọdún 1930 ni wọ́n tó rí òkú wọn ní erékùṣù oníyìnyín kan. Nils Ekholm, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan tó yẹ kó bá wọn lọ kó tó yọ ara rẹ̀ kúrò, wà nínú àwọn tó wá bá Bjerknes sọ̀rọ̀. Ikú àwọn èèyàn wọ̀nyí jẹ́ kó hàn pé kò sẹ́ni tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn lókè. Bí ọ̀mọ̀wé iná mànàmáná ṣe di ọ̀mọ̀wé ojú ọjọ́ nìyẹn.

Ohun méje tó yẹ ká mọ̀

Ní ọdún 1904, Bjerknes kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní èdè Jámánì. Kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ojú ọjọ́ òde òní. Ohun tó sọ níbẹ̀ kò ṣòro lóye. Ó ní bí ènìyàn bá mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí báyìí dájúdájú, tó sì mọ òfin tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ lé, ó yẹ kó lè ṣírò bí yóò ṣe rí lọ́la. Ohun méje péré ló ní kí á mọ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ tó, bó ṣe gbóná tó, bó ṣe ki tó, ọ̀rinrin inú rẹ̀, àti bó ṣe ń yára tó ní ọ̀nà mẹ́ta, ìyẹn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, láti àríwá sí gúúsù, àti láti ilẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣíṣe rẹ̀ ló ṣòro. Ìṣirò náà le ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe tán kí ọ̀la tó dé lọ. Síbẹ̀, kò juwọ́ sílẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1905, ó ṣàlàyé èrò rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀, àjọ Carnegie tó wà ní Washington sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lówó ìwádìí lọ́dọọdún. Láti ọdún 1906 títí di ọdún 1941 ni wọ́n fi fún un. Kò fi owó náà kọ́lé. Àwọn ọ̀dọ́ ló fi gbà síṣẹ́, wọ́n ń bá a ṣírò, wọ́n ń bá a ya máàpù, wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1907, ó padà sílé láti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kristiania.

Ogun kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ

Yunifásítì Leipzig ní Jámánì ló pè é lẹ́yìn èyí, pé kó wá darí ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé àti afẹ́fẹ́. Ó débẹ̀ lọ́dún 1913. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí ṣíṣírò ojú ọjọ́ kan ṣoṣo bá tilẹ̀ gba òun ní ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá ṣáà ti bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, òun ti ṣẹ́gun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ wá, iṣẹ́ sì gbóná.

Oṣù keje ọdún 1914 ni ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìjọba Jámánì ń pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sójú ogun, títí tí yàrá ìwádìí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọ̀kan nínú wọn ni Herbert Petzold, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwọn ìlà kan tó ń hàn lórí máàpù, níbi tí afẹ́fẹ́ méjì ti ń pàdé. Petzold kò parí ìwé rẹ̀. Wọ́n pa á ní Verdun lọ́dún 1916.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ olóògbé náà ni Jacob, ọmọ Bjerknes fúnra rẹ̀, tí kò tíì pé ogún ọdún. Ó kó àwọn ìwé tí Petzold fi sílẹ̀, ó sì ń bá a lọ láti ibi tó dúró sí. Lásìkò náà, oúnjẹ ti wọ́n ní Leipzig, ebi ń pa ọlọ́mọ, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ mọ́. Fridtjof Nansen, gbajúmọ̀ arìnrìn-àjò ilẹ̀ yìnyín, àti Bjørn Helland-Hansen, onímọ̀ nípa òkun, ló bá Bjerknes wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 1917, ó kó ẹbí rẹ̀ padà sí Nọ́wè, sí ìlú Bergen.

Ebi ló fi ìmọ̀ hàn

Ìlú apẹja ni Bergen, òjò kì í sì í fẹ́ dá níbẹ̀. Kò tíì sí yunifásítì níbẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1946 ni wọ́n tó dá ọ̀kan sílẹ̀. Lábẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà ni ilé ìwádìí Bjerknes wà. Ẹni tó ti jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stockholm, Kristiania àti Leipzig lè sọ pé ibẹ̀ kéré fún òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́wè kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú ogun náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ abẹ́ omi ń ri àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Ọkà tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìjọba sì ń wá bí àwọn àgbẹ̀ yóò ṣe pèsè oúnjẹ fún ìlú. Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti ìwọ̀ oòrùn, lójú òkun, ni òjò ilẹ̀ Nọ́wè ti máa ń wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ìròyìn ojú ọjọ́ di àṣírí ogun. Wáyà kò wá mọ́. Àwọn tó ń sọ bí ọjọ́ yóò ṣe rí wá dà bí ẹni tí wọ́n dì lójú.

Ibí yìí ni Bjerknes ti ṣe ìpinnu tó tóbi jù láyé rẹ̀. Ó lè jókòó ti ìṣirò ńlá tó ń lá àlá rẹ̀ láti ọdún 1904. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó fẹ́ kórè kò lè dúró de ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbé ìṣirò náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ó sì bá Gunnar Knudsen tó jẹ́ olórí ìjọba sọ̀rọ̀ pé bí wọn kò bá rí ìròyìn gbà láti òkèèrè mọ́, kí wọ́n máa wo ojú ọjọ́ lọ́pọ̀ ibi nílé. Ìjọba gbà. Ibùdó tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ ní gúúsù Nọ́wè di bí ìlọ́po mẹ́wàá iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bjerknes fúnra rẹ̀ rìn káàkiri etíkun, ó ń bẹ àwọn apẹja àti àwọn tó ń tọ́jú iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi pé kí wọ́n máa wo afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu, kí wọ́n sì máa fi tó wọn létí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1918, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òkè ilé tí Bjerknes ń gbé ní Bergen ni ọ́fíìsì wà. Jacob, ọmọ ogún ọdún, ló ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí fún apá ìwọ̀ oòrùn. Halvor Solberg, tí òun náà jẹ́ ọ̀dọ́, ń ṣe ti apá ìlà oòrùn láti Kristiania. Ìròyìn ń wọlé, wọ́n ń ya máàpù, wọ́n sì ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀.

Ojú ìjà inú afẹ́fẹ́

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bàbá ló ní ìṣirò, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló rí ohun tó wà lórí máàpù. Kó tó di ìgbà yẹn, bí nǹkan roboto kan lásán ni àwọn onímọ̀ ń wo ìjì. Nígbà tí ibùdó pọ̀ báyìí, Jacob rí i pé ìlà méjì ló wà nínú ìjì kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gun ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ tútù, òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ìlà kejì, afẹ́fẹ́ tútù ń já wọ abẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ó ń tì í sókè wìtìwìtì, òjò líle sì ń dà. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìlà méjèèjì wà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yára tó, yóò mọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dá.

Ọdún 1919 ni ìwé tí Jacob kọ lórí rẹ̀ jáde, ojú ewé rẹ̀ kò sì tó mẹ́wàá. Ìlà tí afẹ́fẹ́ méjì ti ń pàdé, èyí tí Petzold kú sídìí rẹ̀, ló gbilẹ̀ débẹ̀. Nítorí pé ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, orúkọ tí wọ́n ń pe ojú ogun ni wọ́n fi pe ìlà náà, nítorí pé afẹ́fẹ́ méjì ń bá ara wọn jà níbẹ̀ bí ọmọ ogun méjì. Tor Bergeron, ọ̀dọ́ láti Swídìn, tún rí i pé afẹ́fẹ́ tútù máa ń lé èyí tó wà níwájú bá, tí á sì gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná kúrò nílẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni ìjì ṣe ń darúgbó.

Àwa náà mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà àti afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin láti òkun Àtìláńtíìkì máa ń pàdé lórí ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí ibi tí wọ́n ti pàdé bá ń lọ sí àríwá, òjò ń tẹ̀ lé e. Bó bá padà sí gúúsù, ọyẹ́ dé nìyẹn. Lábẹ́ ipa àwọn ará Bergen, àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ ojú ìjà yìí náà pè é. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé tiwa kò ṣe bíi ti ilẹ̀ tútù, nítorí pé òjò wa kì í rọ̀ lórí ìlà náà gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ níhà gúúsù ló ti máa ń pọ̀. Wọ́n sì yí orúkọ náà padà.

Bí irúgbìn ṣe tàn kálẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tètè gba ọ̀rọ̀ Bergen gbọ́. Àwọn àgbà onímọ̀ kan ní ilẹ̀ òkèèrè rò pé àwọn ọmọdé ló ń fa ìlà sórí máàpù. Ní Amẹ́ríkà, ó di ẹ̀yìn ọdún 1930 kí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba tó gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Bjerknes ti ń tàn kálẹ̀. Carl-Gustaf Rossby, tó kọ́ṣẹ́ ní Bergen lọ́dún 1919, ló dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní MIT lọ́dún 1928. Harald Sverdrup di olórí ilé ìwádìí òkun ní Kalifọ́níà. Jacob náà dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì kan ní Los Angeles lọ́dún 1940. Sverre Petterssen, tó lo ọgbọ́n Bergen, wà nínú àwọn tó gba ọ̀gágun Eisenhower nímọ̀ràn lóṣù kẹfà ọdún 1944 pé kí àwọn ọmọ ogun má ṣe tíì wọ Faransé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù nítorí ìjì. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó lọ.

Àlá ìṣirò náà kò kú. Lewis Fry Richardson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wa ọkọ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní Faransé nígbà ogun, fi ọwọ́ ṣírò ojú ọjọ́ wákàtí mẹ́fà péré, ìdáhùn rẹ̀ sì jìnnà pátápátá sí òtítọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1922, kò fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́. Ọdún 1950 ni kọ̀ǹpútà ENIAC ní Amẹ́ríkà tó ṣe é tó bọ́ sí i. Ìṣirò ọjọ́ kan gbà á tó ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ragnar Fjørtoft, ọmọ Nọ́wè, wà nínú àwọn tó ṣe é.

Bjerknes ti padà sí yunifásítì Oslo láti ọdún 1926, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 1932. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n dá orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel, kò sì gbà á rí. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún 1951 ló jáde láyé ní Oslo, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ṣe ohun tó sọ lọ́dún 1904 pé ó ṣeé ṣe.

Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, máa ń sọ fún àgbẹ̀ lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dá. Inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò Bjerknes ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè ṣírò ohun tí wọn kò wò fún un. Ohun tí bàbá yẹn fi ẹsẹ̀ rìn kiri etíkun Nọ́wè láti wá lọ́dún 1918 náà ni a ṣì nílò: ènìyàn púpọ̀, ní ibi púpọ̀, tó ń wo sánmà lójoojúmọ́, tó sì ń sọ ohun tó rí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.